Ẹ Má Kó Gbogbo Owó Yín Lé Ilé-iṣẹ́ Kan Lórí: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàrin Àwa Tí A Ń Ra Ìpín

Nínú gbogbo ọ̀nà tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ń gba owó oṣù, tàbí tí ó ń tajà ní ọjà Àtàkúnmọ́sà, lè gbà pàdánù owó tí ó fi òógùn ojú kó jọ, èyí tí ó máa ń dùn mí jù ni èyí tí kò ní olè nínú. Kò sí gbájúẹ̀ kankan níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ra ìpín rẹ̀ (shares, ìyẹn apá kékeré nínú ilé-iṣẹ́ náà) jẹ́ ilé-iṣẹ́ tòótọ́, alágbàtà tí ó bá a rà á ní ìwé àṣẹ, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àwọn onípìn-ín. Ohun tí ó ṣe ni pé ó kó gbogbo owó náà lé ilé-iṣẹ́ kan tàbí méjì lórí, nítorí ó gbà pé òun mọ ilé-iṣẹ́ náà dáadáa. Àwọn tí ó ń ṣe àṣìṣe yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe oníwọra. Àwọn tí ó ń ṣọ́ owó ná jù lọ láàrin wa ni wọ́n, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní.

Ẹ má ṣe ra ìpín nítorí pé ẹ fẹ́ràn ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe. Ní Iléṣà níbí, kò sí ẹni tí kò mọ International Breweries. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ní ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, ọtí Trophy sì ti di ohun tí a kò lè ya ìlú yìí kúrò lára rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2017, iye tí wọ́n ń ta ìpín kan ilé-iṣẹ́ náà ju náírà 50 lọ. Ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ń wá owó kún owó lọ́wọ́ àwọn onípìn-ín rẹ̀, náírà 9 ni ó pe ìpín kan fún wọn. Láàrin ọdún méjì yẹn, Trophy kò kúrò lórí tábìlì níbi ìnáwó kankan. Gbèsè, èlé orí gbèsè, ìdíje àti owó ńlá tí ó wọlé lọ sínú kíkọ́ ilé ìpọntí tuntun ni ó ń jẹ owó náà lábẹ́lẹ̀, ẹni tí ó ń mu ọtí kò sì lè fi adùn ẹnu mọ iye gbèsè tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ó pọn ọ́n.

Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ìlú wa nìkan. Ní ọdún 2023 tí náírà já wálẹ̀ gidigidi sí dọ́là, MTN Nigeria kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀ pé àdánù òun ju bílíọ̀nù 130 náírà lọ, ti Nestlé Nigeria sì ju bílíọ̀nù 70 lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa ń pe fóònù, àwọn ọmọ sì ń mu Milo. N kò sọ pé ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé mímọ ọjà ilé-iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí mímọ ìṣirò rẹ̀, mímọ ìṣirò rẹ̀ pàápàá sì yàtọ̀ sí mímọ̀ bóyá iye tí wọ́n ń ta ìpín náà lónìí ti ga ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ni láti máa ka ìṣirò láti àárọ̀ di alẹ́ ń ṣì í. Nọ́ọ̀sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn Wesley Guild kò ní àyè tí yóò fi ṣe é dáadáa, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a lẹ́bi fún un.

Àṣìṣe kejì ṣòro láti rí ju èyí lọ, nítorí pé ẹni tí ó ń ṣe é gbà pé òun ti pín owó òun káàkiri. Màmá kan ní Ìṣọ̀kùn, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, gbé àpòòwé ńlá kan jáde láti abẹ́ aṣọ nínú àpótí, ó sì tẹ́ ìwé ẹ̀rí ìpín márùn-ún sórí tábìlì fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan: Afribank, Bank PHB, Oceanic, Intercontinental, Union Bank. Etí àwọn ìwé náà ti pọ́n, píìnì tí ó so méjì pọ̀ nínú wọn sì ti dípẹtà sára wọn. Wọ́n ní, “Wò ó, ọmọ mi, n kò kó owó mi síbì kan.” Mo ní, “Màmá, ilé ìfowópamọ́ ni gbogbo wọn.” Wọ́n tún àwọn ìwé náà wò láti òkè dé ilẹ̀, wọn kò sì fèsì.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yẹ ní mímọ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ dókòwò. Ní ọdún 2004, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà lábẹ́ Charles Soludo pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ sí ilé ìfowópamọ́ tí owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ yóò kéré sí bílíọ̀nù 25 náírà nígbà tí ọdún 2005 bá fi máa parí. Ilé ìfowópamọ́ 89 ni ó wà nígbà náà; 25 ni ó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti para pọ̀ tán. Wọ́n ń ta ìpín fún aráàlú léraléra láti rí owó kó jọ, fọ́ọ̀mù sì dé ọwọ́ olùkọ́, awakọ̀ àti ìyálọ́jà. Àwọn ilé ìfowópamọ́ tún ń yá àwọn ènìyàn lówó láti fi ra ìpín, tí ó fi jẹ́ pé owó kan náà tí ó ń gbé iye ìpín sókè ni ó ń di gbèsè lọ́rùn àwọn tí ó rà á. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ọjà ìpín wa, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń mọ bí iye gbogbo ìpín ṣe ń lọ sókè tàbí sílẹ̀, kọjá 66,000. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2009, ó ti wà lábẹ́ 20,000. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Sanusi Lamido Sanusi, tí ó gba ipò lọ́wọ́ Soludo, yọ ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ márùn-ún nípò lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, wọ́n sì kó dúkìá wọn fún ilé ìfowópamọ́ tuntun mẹ́ta. Owó àwọn tí ó fi owó pamọ́ kò sọnù, ṣùgbọ́n àwọn onípìn-ín kò rí kọ́bọ̀ gbà. Oceanic wọnú Ecobank, Intercontinental wọnú Access, ìwọ̀nba ìpín díẹ̀ sì ni àwọn tí ó ni wọ́n rí gbà dípò èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Mainstreet tí ó rọ́pò Afribank ni Skye Bank rà ní ọdún 2014. Ní ọdún 2018, wọ́n gba ìwé àṣẹ Skye Bank náà, àwọn onípìn-ín tirẹ̀ sì tún pàdánù.

Orúkọ márùn-ún ni màmá náà rà, okòwò kan ni. Ohun tí ó kọlu ọ̀kan ni ó kọlu ìyókù, ní àkókò kan náà, láti ọwọ́ aláṣẹ kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti pín owó òun, kí ó má ka orúkọ; kí ó bi ara rẹ̀ pé kí ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo tí ó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ kan. Bí ó bá tètè rí ìdáhùn, kò tíì pín in.

Àwọn bàbá wa tí wọ́n ṣe òṣómàáló mọ ọ̀rọ̀ yìí dénú. Ẹni tí ó bá gbé aṣọ láti Iléṣà lọ tà láwìn ní ìlú òkèèrè kì í kó gbogbo ẹrù rẹ̀ fún oníbàárà kan, bó ti wù kí onítọ̀hún lówó tó. Ó ń pín in sọ́wọ́ àgbẹ̀ níhìn-ín, alápatà lọ́hùn-ún, ìyàwó olóyè ní ìlú mìíràn, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú tàbí tí ó sá lọ, owó tí àwọn yòókù bá san yóò dí àlàfo náà.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn mọ ẹni tí ó fi ìpín ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo di ọlọ́rọ̀. Òótọ́ ni, irú wọn wà, ṣùgbọ́n àwọn nìkan ni a ń gbọ́ ìròyìn wọn. Ẹni tí tirẹ̀ kò bọ́ sí i kì í ròyìn rẹ̀ níbi àpèjẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hendrik Bessembinder ṣe ìwádìí lórí ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n tà ní ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1926 sí 2016, èyí tí ó súnmọ́ 26,000. Ó rí i pé ju ìdajì wọn lọ ni kò mú èrè wá tó èyí tí ẹni tí ó kàn ń yá ìjọba lówó ní oṣooṣù yóò rí láàrin àkókò kan náà, àti pé nǹkan bí ilé-iṣẹ́ 4 nínú 100 ni ó pèsè gbogbo ọrọ̀ tí ọjà náà fi ju owó tí a yá ìjọba lọ. Ẹni tí ó bá mú ilé-iṣẹ́ méjì nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe gan-an kí ó má kan ọ̀kankan nínú àwọn díẹ̀ yẹn. Ẹni tí ó bá ní díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo wọn kò ní ṣàìní wọn. Ọjà tiwa kéré sí ti Amẹ́ríkà púpọ̀, àmọ́ n kò rí ohunkóhun nínú rẹ̀ tí ó mú kí yíyan rọrùn ju tiwọn lọ.

Ẹ má ṣe yá owó ra ìpín, kódà bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibiṣẹ́ yín bá ń yá a ní èlé kékeré. Ìpín lè jókòó sójú kan fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n oṣù kò ní jókòó. Wọn yóò máa yọ owó náà nínú owó oṣù yín. Owó ìfẹ̀yìntì tí ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tún ṣe ẹlẹgẹ́ ju èyí lọ, nítorí pé kò sí owó oṣù mọ́ tí yóò dípò rẹ̀. Bákan náà ni kí ẹ má ṣe kó owó ìpamọ́ yín sínú ìpín ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí Enron, ilé-iṣẹ́ iná àti gáàsì ńlá, wó lulẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ pàdánù iṣẹ́ àti owó ogbó nígbà kan náà.

Ti ìpín tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé yóò lọ sókè láìpẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ìpín kéékèèké tí iye rẹ̀ kò ju náírà kan tàbí méjì lọ máa ń rọrùn láti rà. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á ni ẹ ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ rà á.

Àṣìṣe kan wà tí ó máa ń tẹ̀lé gbogbo ìyókù: kí ènìyàn máa sọ pé òun kò ní tà á àfi tí ó bá padà sí iye tí òun rà á. Ìpín tí ó ti náírà 50 wálẹ̀ sí 9 gbọ́dọ̀ di ìlọ́po márùn-ún àti ààbọ̀ kí ó tó padà síbẹ̀, ọjà kò sì mọ iye tí ẹ rà á, kò jẹ yín ní gbèsè rẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ ni pé, bí ó bá jẹ́ owó náírà 9 yẹn ni ó wà lọ́wọ́ yín lónìí, ṣé ìpín yìí ni ẹ ó fi rà?

Ohun tí mo máa ń gbà àwọn ènìyàn nímọ̀ràn láti ṣe kò fani mọ́ra tó ìtàn ẹni tí ó di ọlọ́rọ̀ lójijì. Ẹ kọ́kọ́ ní owó pàjáwìrì tí yóò tó yín gbọ́ bùkátà fún oṣù díẹ̀, níbi tí ẹ ti lè tètè mú un. Lẹ́yìn náà, ẹ fi apá kan yá ìjọba: bọ́ńdì ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀, tí iléeṣẹ́ tí ń mójútó gbèsè ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 2017, ṣeé rà láti náírà 5,000, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń lò, wọ́n sì ń san èlé rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Èyí tí ẹ bá fẹ́ fi sínú ìpín, tí ẹ kò sì ní nílò fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, ẹ gbé e gba inú àpò àjùmọ̀ní tí a ń pè ní mutual fund, níbi tí a ti ń kó owó ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ ra ìpín ilé-iṣẹ́ púpọ̀, tàbí ETF, irú àpò bẹ́ẹ̀ tí a ń rà tí a sì ń tà ní ọjà ìpín, èyí tí ó ń tẹ̀lé ilé-iṣẹ́ 30 tí ó tóbi jù ní ọjà wa, kí ẹ máa fi iye kan náà sí i lóṣooṣù, yálà ọjà gòkè tàbí ó sọ̀.

Àpò àjùmọ̀ní kì í ṣe ààbò lọ́wọ́ ohun gbogbo. Ní ọdún 2008, gbogbo ọjà ni ó wálẹ̀, àwọn àpò tí ó kún fún ìpín sì bá a wálẹ̀. Ìyàtọ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó kú kò lè sọ gbogbo rẹ̀ di òfo. Bí ẹnìkan bá sì ṣèlérí èrè tí kò ní yẹ̀ fún yín, irú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù tí MMM ṣèlérí kí ó tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn ní ìparí ọdún 2016, ohun mìíràn ni ó ń tà.

Bí yíyan ìpín bá dùn mọ́ yín, n kò ní kí ẹ má ṣe é. Ẹ fi èyí tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ìdókòwò yín ṣe é, kí ẹ sì jẹ́ kí owó yẹn dá dúró lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ní ìwé àtijọ́ bí ti màmá yẹn, kí ó má jù ú nù: èrè ìpín tí kò tíì gbà lè ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú orúkọ onípìn-ín, fọ́ọ̀mù e-dividend (èyí tí ń jẹ́ kí èrè náà wọ àpò báńkì rẹ̀ tààrà) àti nọ́ńbà BVN ni yóò sì fi béèrè rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ àpò àjùmọ̀ní, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ àpò náà wà lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tí ń mójútó ọjà ìpín, kí ó béèrè iye tí wọn yóò máa yọ lọ́dọọdún fún iṣẹ́ wọn àti iye ọjọ́ tí owó yóò gbà kí ó tó padà sọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì ka orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà nínú àpò náà láti rí i pé kì í ṣe ilé ìfowópamọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn.