Kí ọmọ tó fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún W, àmì tí wọ́n ń kọ sí ìwé èsì ọmọ tó bá fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀ láàárín sáà. Òótọ́ ni pé kì í ba GPA (ìpíndọ́gba máàkì ọmọ) jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń kà á mọ́ iye kírẹ́díìtì tí ọmọ gbìyànjú. Ìdá 67 nínú 100 kírẹ́díìtì yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní kó yege, kí owó ìrànwọ́ náà má baà dúró. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tó mú kírẹ́díìtì 15, tó fi kọ́ọ̀sì oníkírẹ́díìtì 3 méjì sílẹ̀, 9 ló kù: ìdá 60 péré! Kó kọ́kọ́ lọ bá ọ́fíìsì financial aid, àwọn tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ nílé ìwé. Bó bá jẹ́ àìsàn tàbí ikú ẹbí ló fà á, kó tètè kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, kó so ìwé dókítà mọ́ ọn.