Kí ẹ tó dá àtúnṣe ẹlòmíràn padà

Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wa ń ṣe iṣẹ́ Wikipẹ́díà. Ẹni tó fi òru kọ ìpínrọ̀ méjì, tí ẹ wá fi ìka kan pa á rẹ́, kò ní owó tó máa fi tu ara rẹ̀ nínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kìlọ̀ fún àwọn tí mò ń kọ́ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún bọ́tìnì ìdápadà, èyí tó ń pa àtúnṣe ẹlòmíràn rẹ́, ju gbogbo bọ́tìnì yòókù lọ.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí ìtàn ojú ìwé náà wò, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sí i. Bó bá jẹ́ ẹni tuntun ló kọ ọ́, ẹ má gbá gbogbo rẹ̀ dànù nítorí gbólóhùn kan tó wọ́. Ẹ tún èyí tó wọ́ ṣe, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Bí kò bá fi ìtọ́kasí sí i, ẹ bá a wá ọ̀kan. (Ti ẹni tó ń kọ èébú sínú ìtàn ìgbésí ayé èèyàn yàtọ̀: ẹ pa èébú náà rẹ́ kíá, ẹ má bá a jiyàn rárá.)

Ibi tí ìwà ti máa ń hàn jù ni àpótí kékeré tí a ń kọ ìdí àtúnṣe sí. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀, tí ẹ sì ti fi pamọ́, kò ṣeé tún kọ mọ́. Nítorí náà, ẹ má kọ “ìranù” tàbí “ta ló kọ eléyìí?” Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Mo yọ iye ọmọ ìlú kúrò nítorí pé n kò rí i nínú ìwé tí ẹ tọ́ka sí. Bí ẹ bá ní òmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í síbẹ̀.” “Ẹ” ni kí ẹ máa pe gbogbo èèyàn, ìnagijẹ kì í sọ ọjọ́ orí.

Bí onítọ̀hún bá tún dá tirẹ̀ padà, ẹ gba ojú ìwé ọ̀rọ̀ lọ, níbi tí a ti ń jíròrò nípa ojú ìwé náà. Lórí Wikipẹ́díà èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá dá nǹkan padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójú ìwé kan náà láàárín wákàtí 24 lè rí ìdènà. Àwọn kan ti sọ òfin yìí di ẹ̀tọ́: wọ́n á ṣe mẹ́ta géérégé, wọ́n á wá sinmi. Èmi kì í kọjá ẹyọ kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ẹ fi ~~~~ sí ìparí kí orúkọ yín àti àkókò lè jáde, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ mélòó kan. Ó níṣẹ́ tó fi ń jẹun. Ó sì ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Bí ẹ kò bá tíì fẹnu kò, ẹ pe ẹnì kẹta tí kò dá sí i tẹ́lẹ̀. Ẹ má lọ kó àwọn ọ̀rẹ́ yín wá láti WhatsApp. A máa ń mọ̀ bí orúkọ márùn-ún tí kò ṣe àtúnṣe kankan rí bá dé lálẹ́ ọjọ́ kan náà, tí gbogbo wọn ń sọ ohun kan ṣoṣo.