Iyọ̀ ò lọ sílẹ̀, ọṣẹ ò hó: kí ló ṣe ẹ̀rọ omi wa?

Ìbéèrè: Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Alágbàfọ̀ ni mí ní Alágbàká, Àkúrẹ́. Omi kànga ẹ̀rọ wa le. Lọ́dún tó kọjá a ra ẹ̀rọ tó ń sọ omi di rírọ̀, ó sì ń ṣe dáadáa. Láti bí oṣù kan báyìí, ọṣẹ kì í hó mọ́, aṣọ funfun ń ṣú, táwẹ̀lì àwọn oníbàárà le gbagidi bí awọ. Ẹni tó tà á fún wa ní kí a lọ ra resin tuntun, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ inú rẹ̀ tó ń mú omi rọ̀. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Resin lè lo ọdún mẹ́wàá bí a bá tọ́jú rẹ̀. Ẹ wá ìgò mẹ́ta. Ẹ bu omi òjò sí ọ̀kan, omi tí kò tíì wọ ẹ̀rọ sí èkejì, èyí tó ti jáde sí ẹ̀kẹta. Ẹ fá ọṣẹ ìfọṣọ gbọọrọ tí wọ́n ń gé tà lọ́jà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó èékánná kan, kí ẹ wá gbọ̀n ọ́n. Ẹ má lo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú, torí wọ́n ti po ohun tó ń bo líle omi mọ́lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ sì bá mi wo iyọ̀ inú táǹkì kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà.

Ìbéèrè: Mo ṣe é. Omi òjò hó, ó kún ọrùn ìgò. Méjì yòókù rí bákan náà, nǹkan funfun bí omi ògì ló léfòó lórí wọn. Iyọ̀ ṣì kún. Ó tó oṣù mẹ́ta tí a ti dà á síbẹ̀.

Ìdáhùn: Oṣù mẹ́ta, iyọ̀ ò dín! Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro yín wà.

Resin inú ẹ̀rọ yẹn jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní aláwọ̀ oyin, bí ẹyin ẹja. Ìjókòó tí kò lóǹkà wà lára ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, sódíọ̀mù inú iyọ̀ ló sì kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù tí omi ń fọ̀ bọ̀ láti inú àpáta ló ń mú un le. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ resin, ó ń dì wọ́n mú ju sódíọ̀mù lọ, torí agbára iná ara wọn jẹ́ ìlọ́po méjì tirẹ̀. Kálísíọ̀mù kan a gba ìjókòó méjì, sódíọ̀mù méjì a dìde bá omi lọ, sódíọ̀mù kì í sì í bá ọṣẹ jà. Ẹ̀rọ yẹn kì í sẹ́ omi bí a ti ń sẹ́ ògì. Pàṣípààrọ̀ ló ń ṣe.

Bí ìjókòó bá kún, omi líle á kàn gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe wá. Omi iyọ̀ tó ki ló ń tú wọn: sódíọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n á ti kálísíọ̀mù dìde, á bá gọ́tà lọ. Iyọ̀ tí kò dín, a jẹ́ pé resin ò rí omi iyọ̀ wẹ̀ mọ́.

Ẹ fi orí ọmọrogùn gún iyọ̀ náà. Nígbà mìíràn ó máa ń dì bí òrùlé lókè, àyè ṣófo lábẹ́ rẹ̀, omi ò sì ní rí iyọ̀ yọ́. Bí kò bá dì, aago ẹ̀rọ ni mo fura sí. Wọ́n sábà máa ń tò ó kó wẹ̀ ní aago méjì òru. Bí iná bá lọ, aago ọ̀pọ̀ nínú wọn á dúró. Bí iná bá dé, á máa bá a lọ láti ibi tó dúró sí. Bí iná bá ń pẹ́ kó tó dé, ó lè pẹ́ gan-an kí aago náà tó ka dé òru tó yẹ kó wẹ̀. Ẹ tún un tò, kí ẹ so ó mọ́ ínfátà. Lónìí, ẹ fọwọ́ yí i kó wẹ̀.

Ìbéèrè: Ìgbà mélòó ló yẹ kó máa wẹ̀?

Ìdáhùn: Lita resin kan ń gba bí 50 gíráàmù líle omi kó tó kún, bí wọ́n ṣe ń fi kálísíọ̀mù kábọ́nétì wọ̀n ọ́n. Bí tiyín bá jẹ́ lita 25, tí líle omi sì jẹ́ 250 mílígíráàmù nínú lita kan, nǹkan bí lita omi 5,000 ni yóò mú rọ̀ kó tó kún. Ẹni tó ń lo táǹkì 1,000 kan lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni, pẹ̀lú bíi kílò iyọ̀ mẹ́ta.

Ìbéèrè: Bàbá àwọn ọmọ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé wọ́n lè mu ún?

Ìdáhùn: Ẹ fi tápù kan sílẹ̀ fún mímu kí omi rẹ̀ má gba inú ẹ̀rọ. 100 mílígíráàmù líle tí ẹ̀rọ bá gbà nínú lita kan, sódíọ̀mù 46 ló ń fi dípò. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò nílò àfikún.

Ìbéèrè: Bí ó bá wẹ̀ tán tí kò tún yí padà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n ṣí orí táǹkì, kí ẹ bu ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá pọ́n bí ilẹ̀ pupa, irin inú kànga ló bò ó, oògùn wà tí wọ́n fi ń fọ ìyẹn. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ tó sì fọ́ múyẹ́múyẹ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ ra tuntun.