Tọ́lọ́pàá bá mú èèyàn yín ní Dubai: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ní Abẹ́òkúta níbí

Ìsọ̀ àdìrẹ màmá mi n'Ítòkú la wà tí fóònù fi dún, àbúrò mi ni láti Dubai, kò sọ ju "wọ́n ti mú mi o" lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi já. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi sáré káàkiri, owó ń lọ, a ò mọ ẹni tí à bá bi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ eléyìí, torí kò sí àdúgbò tí ò lọ́mọ níbẹ̀ mọ́, Adátán o, Ṣàpọn o, Lafenwa o.

Kọ́mọ tó gbéra, ẹ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ẹ̀, físà ẹ̀ àti ìwé àdéhùn iṣẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sórí fóònù èèyàn méjì nílé. Kó má gbẹ́rù ẹlẹ́rù o, kódà kó jẹ́ láfún tàbí ìrẹsì Ọ̀fàdà. Kó má gbé tramadol tàbí omi ikọ́ tó ní codeine láìgba ìyọ̀ǹda ìjọba ọ̀hún tẹ́lẹ̀, òògùn tí wọ́n ń ṣọ́ lójú méjèèjì ni níbẹ̀. Ẹ rántí ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ Kánò tí wọ́n mú ní Sàúdí ní December 2018, wọ́n ti fi orúkọ ẹ̀ sórí báàgì tí tramadol wà nínú ẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Kánò, ó sì di ìparí April 2019 kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Torí náà kó dúró ti báàgì ẹ̀ títí wọ́n á fi lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, kó sì ya fọ́tò ẹ̀.

Tọ́lọ́pàá bá dá a dúró lójú títì, kó mú Emirates ID ẹ̀ jáde, ìyẹn káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún ẹni tó ń gbé níbẹ̀, kó má sáré, kó má gbé ohùn sókè, torí èébú nìkan tó láti di ẹjọ́ lọ́tọ̀. Kó má ká wọn ní fídíò. Owó tá a máa ń nà sọ́lọ́pàá lójú ọ̀nà níbí, kó má dán an wò lọ́hùn-ún, ẹ̀wọ̀n ni. Tí wọ́n bá fẹ́ yẹ ara obìnrin wò, obìnrin ló gbọ́dọ̀ ṣe é, ó lè béèrè fún ìyẹn pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́.

Bí wọ́n bá ti tì í mọ́lé, bí òfin wọn ṣe lọ rèé. Láàárín wákàtí 48 ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba, Niyaba ni wọ́n ń pè é. Niyaba náà ní wákàtí 24 láti bi í léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n lè ní kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 7, wọ́n lè fi 14 kún un, tó bá kọjá ìyẹn adájọ́ ló lè fi kún un, ọgbọ̀n ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ máa ka ọjọ́ yẹn o, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ sílẹ̀, òun náà ni wọ́n ń sọ ní kóòtù. Wọ́n gbé ìwé kan fún àbúrò mi, wọ́n ní kó sáà sáìnì kó máa lọ, ó bá sáìnì. Àṣé ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òun gbà pé òun lu èèyàn! Ẹni tí ò bá gbọ́ Lárúbáwá lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀. Kó ní "mo fẹ́ ògbufọ̀ Gẹ̀ẹ́sì", kó máa tún un sọ, kó má sáìnì ohun tí wọn ò tíì kà sí i létí kó yé e. Tó bá ti sáìnì tẹ́lẹ̀, kó sọ ọ́ níwájú Niyaba àti níwájú adájọ́ pé òun ò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Kó sì fẹnu ara ẹ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn aṣojú Nàìjíríà gbọ́. Àdéhùn Vienna ti 1963, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí iṣẹ́ kọ́ńsólétì, ló fún un lẹ́tọ̀ọ́ yẹn. Ẹ́ḿbásì wa wà ní Abu Dhabi, kọ́ńsólétì wà ní Dubai. Wọ́n lè bẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lè kọ lẹ́tà, àmọ́ wọn ò lè ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Tí ẹ̀sùn yẹn bá jẹ́ èyí tó lè yọrí sí ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére tí ò sì ní lọ́yà, kóòtù gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan fún un, ìjọba wọn ló máa sanwó. Tí wọ́n bá gbà láti fún un ní bẹ́ẹ̀lì, wọ́n sábà máa ń gba pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ tàbí ti ẹni tó dúró fún un, kẹ́ ẹ tètè máa wá ẹni tó ní ìwé ìgbélùú níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀gá ọlọ́pàá lọ́hùn-ún. Ẹnì kan ní Pánṣẹ́kẹ́ gba owó lọ́wọ́ màmá mi, kò mọ àgọ́ tọ́mọ wà pàápàá. Nọ́ńbà ẹjọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ṣèrànwọ́, tí ò bá rí i mú wá, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Nígbà tí ògbufọ̀ dé, àbúrò mi ṣàlàyé, wọ́n ní kó san owó ìtanràn, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ wà nínú ìwé tí màmá mi fi ń kọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó àdìrẹ, ojú ewé àkọ́kọ́.