Bí ẹ ṣe lè dúró ti nọ́ọ̀sì tó ń jáwọ́ nínú oògùn

Mátírọ́ọ̀nù ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Nọ́ọ̀sì kan tí mo kọ́ níṣẹ́ ló wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Ó ní, "Màmá, pentazocine, abẹ́rẹ́ ìrora tó yẹ kí n fún aláìsàn, ara mi ni mò ń gún un sí."

Bí irú rẹ̀ bá wá bá yín, ẹ kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kó má sì ṣe iṣẹ́ alẹ́ mọ́, torí lóru, ẹnì kan ṣoṣo ni àpótí máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, dókítà ọpọlọ. Aro l'Abẹ́òkúta la gbé tiwa lọ. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò máa ròyìn rẹ̀ fún ọ̀gá. Bí ó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ń dé ọ́fíìsì, irọ́ ni yóò máa pa fún dókítà. Èmi ni mo gba iṣẹ́ ìròyìn.

Àyẹ̀wò ìtọ̀ ló gba ọgbọ́n jù. Láràárọ̀ ni mò ń fa bébà nínú ife: 6 ni wọ́n, ọ̀kan ní àmì. Bí mo bá fa alámì, mo pè é, ìbáà jẹ́ àná la ṣe ìkẹyìn. Pentazocine kì í ju ọjọ́ mélòó kan lọ nínú ìtọ̀, ẹni tó bá ti mọ ọjọ́ àyẹ̀wò á kàn dá oògùn dúró kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ sì bi lábù kí ẹ tó sanwó: èyí tó ń wá mọ́fíìnì kì í rí pentazocine.

Ẹ fọwọ́ kan ìgò náà. Ìtọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í tutù, 32 sí 38 lórí tẹmómítà, láàrin ìṣẹ́jú 4. Ó gbé tútù wá fún mi nígbà kan, ti àbúrò rẹ̀ ni. Mi ò pariwo. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo bu omi fún un, a jókòó títí ó fi tọ tirẹ̀.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: bó bá tún padà sídìí oògùn, ilé ìwòsàn ló ń padà sí, a ò lé e. Kí ìyàwó rẹ̀ náà mọ̀ pé ara tó ti fi oògùn sílẹ̀ kò lè gba ìwọ̀n àtijọ́ mọ́. Ẹni tó bá gún un bẹ́ẹ̀ lè má jí.

Ọdún 5 ni wọ́n sábà fi ń ṣọ́ dókítà tírú èyí bá ṣe ní Amẹ́ríkà. Níbi tiwa, oṣù 3 péré, wọ́n ní ó ti yá.

Lóṣù tó kọjá ni kọ́kọ́rọ́ padà sọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀sán nìkan, ẹlòmíì sì ń fọwọ́ síwèé pẹ̀lú rẹ̀. Mo ṣì ń fa bébà.