Ibi Tí Ọ́ìlì Ń Kán Sí Kọ́ Ni Ibi Tí Ó Ti Ń Jò: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Tí Ó Ti Lọ́jọ́ Lórí

Bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ́jọ́ lórí bá gbé ọkọ̀ náà kúrò ní ibi tí ó sùn sí, tí ó sì rí àbàwọ́n dúdú nílẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé síìlì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn rọ́bà tí ń dí ojú ibi tí ọ́ìlì lè gbà jáde, ti lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú ìnáwó tí kò yẹ wọ́n. Ọ́ìlì a máa gba ara irin ṣàn wá sísàlẹ̀, atẹ́gùn tí ń fẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ tí ó bá wà lórí eré a sì máa gbá a lọ sẹ́yìn, tí yóò fi jẹ́ pé ohun tí ó jò lókè lápá iwájú ni yóò wá kán sílẹ̀ lápá ẹ̀yìn.

Ọkọ̀ tèmi ni mo fi kọ́gbọ́n. Ọ́ìlì ń kán láti ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti so pọ̀, mẹkáníìkì kan sì dá a lẹ́jọ́ lójú ẹsẹ̀ pé síìlì ẹ̀yìn kíráńkì, ìyẹn ọ̀pá irin tí ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ni. A já gíábọ́ọ̀sì sílẹ̀, a pààrọ̀ síìlì náà, a dá gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kẹta, àbàwọ́n náà tún ti yọjú sí ojú ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo wá ti òkè fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni mo rí i pé súwíìṣì ọ́ìlì, ìyẹn èyí tí ń tan iná pupa síwájú awakọ̀ bí agbára ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, ni ó ń sun ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, tí ọ́ìlì náà sì fa ìlà tín-ín-rín kan lára ẹ́ńjìnnì wá dé ìsàlẹ̀. Ohun tí sípánà kan ṣoṣo ì bá tú láàárín ìṣẹ́jú 20 ni a tìtorí rẹ̀ já gíá sílẹ̀. N kò lè di gbogbo ẹ̀bi náà ru mẹkáníìkì, nítorí pé mo wà níbẹ̀, n kò sì bi í léèrè pé kí ni ó fojú rí kí ó tó dájọ́.

Nítorí náà, àṣìṣe tí mo kà sí ìyá gbogbo wọn ni kí a máa wá orísun ọ́ìlì lára ẹ́ńjìnnì tí ó dọ̀tí. Bí ọ́ìlì ọdún pípẹ́ àti eruku bá ti dì pọ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, kò sí ojú tí ó lè mọ èyí tí ó jò lánàá yàtọ̀ sí èyí tí ó jò ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ fi ọṣẹ tí ń bó ọ̀rá àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ fi náílọ́ọ̀nù bo àwọn ohun tí iná ń ṣiṣẹ́ lára wọn, kí ẹ má sì gbé ẹ̀rọ tí ń fi agbára tu omi sún mọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, ẹ wa ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, kí ẹ sì padà wá wò ó. Ẹni tí ó bá fọ̀ ọ́ tán, tí ó wá wà á fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó wò ó, lásán ni ó fọ̀ ọ́, nítorí ọ́ìlì yóò ti tún tàn káàkiri. Ibi tí ọ́ìlì tuntun ti rin, tí ó ga jù, tí ó sì wà níwájú jù, ni kí ẹ fura sí. Bí ojú kò bá tó o, ẹ fẹ́ àtíkè funfun díẹ̀ sí ara irin tí ó ti gbẹ. Ọ́ìlì tí ó bá jáde yóò fa ìlà sára rẹ̀, a ó sì lè tọ ìlà náà lọ sókè. Àwọ̀ kan tún wà tí a ń dà sínú ọ́ìlì, tí ó máa ń tàn yòò bí a bá tan iná ultraviolet sí i. Ó dára púpọ̀ fún ọ́ìlì tí ń jò díẹ̀díẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá kán sílẹ̀ ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ́ páálí funfun sí abẹ́ ọkọ̀ ní alẹ́, kí ẹ sì fi bírò sàmì sí ibi tí táyà iwájú wà, kí ẹ lè mọ̀ ní òwúrọ̀ apá ibi tí ó ti kán. Ọ́ìlì gíá tí ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ sábà máa ń pupa, omi ráídéètọ̀ a máa ní àwọ̀ ewé, pupa tàbí ọsàn, ọ́ìlì gíá tí a ń fọwọ́ wọ̀ a sì máa ki, òórùn rẹ̀ a dà bíi ti imí-ọjọ́.

Bí jíjò náà bá bẹ̀rẹ̀ kété lẹ́yìn tí a pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ má lọ jìnnà. Rọ́bà fílítà àtijọ́ lè lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì nígbà tí a tú fílítà náà, bí a bá sì de tuntun lé e lórí, rọ́bà méjì kò ní lè dí ojú ibẹ̀ dáadáa. Ẹ wo ibẹ̀, kí ẹ wo nọ́ọ̀tì abẹ́ sọ́ọ̀mpù, ìyẹn àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń wà, àti wáṣà nọ́ọ̀tì náà, kí ẹ tún rí i pé ọ́ìlì kò kọjá àmì òkè lórí géèjì, ìyẹn irin gígùn tí a fi ń wọn ọ́ìlì.

Àṣìṣe mìíràn tí ọwọ́ wa yá sí jù ni fífún bóòtù. Gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí a ń fi sáàárín irin méjì kí ọ́ìlì má bàa jò, a máa gan bí iná ẹ́ńjìnnì bá ti yan án fún ọdún púpọ̀. Kò ní rọ̀ mọ́ nítorí pé a fún bóòtù. Ohun tí a ó rí ni pé etí sọ́ọ̀mpù yóò tẹ̀, ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì yóò sán, tàbí kí ojú bóòtù fọ́ lára alumíníọ̀mù, jíjò kékeré yóò sì di ńlá. Gọ́ọ̀mù tí a ń fi kún gásíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, nítorí èyí tí ó bá fún jáde sínú lè bọ́ sínú sọ́ọ̀mpù, kí ó sì lọ dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà wọlé.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ọ̀rọ̀ yìí sì bá ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí mu gan-an. Díẹ̀ nínú èéfín tí ń jó lórí písítìnì máa ń yọ́ kọjá ríìngì tí ó yí písítìnì ká lọ sísàlẹ̀ sọ́ọ̀mpù, fáàfù kékeré kan àti rọ́bà rẹ̀ ni ó sì ń fà á jáde. Bí ìdọ̀tí bá dí ojú ọ̀nà yìí, èéfín náà yóò kó agbára jọ sínú, yóò sì máa ti ọ́ìlì jáde ní gbogbo ibi tí síìlì bá ti rọ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pààrọ̀ síìlì iwájú, ti ẹ̀yìn yóò bẹ̀rẹ̀. Yóò pààrọ̀ ti ẹ̀yìn, ti òkè yóò gbà á. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbóná, kí ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ sì fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ojú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí fáàfù yìí ń ṣiṣẹ́, bébà náà yóò fà mọ́ ojú ihò díẹ̀. Bí èéfín bá ń tì í sókè tagbáratagbára, ẹ yẹ fáàfù àti rọ́bà rẹ̀ wò kí ẹ tó ra síìlì kankan. Bí méjèèjì bá mọ́, tí èéfín náà kò sì dín kù, ó ṣeé ṣe kí ríìngì ti jẹ, ọ̀rọ̀ sì ti kọjá gásíkẹ́ẹ̀tì.

Oògùn inú ike tí ń mú síìlì wú, àti ọ́ìlì tí ó ki ju èyí tí ìwé ọkọ̀ náà sọ, kò lè wo gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó ti ya. Bí géèjì bá sì ń lọ sílẹ̀, tí ilẹ̀ gbẹ, ẹ wo ẹnu sàlẹ́ńsà fún èéfín tí ó ní àwọ̀ aró. Ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì náà ni.

Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, bí ó ti wù kí ohun tí ẹ fẹ́ wò kéré tó. Ẹ gbé e lé ìdúró onírin lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹ sì fi òkúta dí táyà.

Ẹ́ńjìnnì àgbà tí ń làágùn lásán, tí kò kán, ni a lè nù, kí a sì máa ṣọ́. Èyí tí ń kán sórí páìpù tí èéfín gbígbóná ń gbà jáde kò ṣeé ṣọ́, nítorí ó lè gbiná. Èyí tí ó sì kan bẹ́líìtì tàbí kọ́lọ́ọ̀ṣì yóò ba òun náà jẹ́. Ní tèmi, mo pààrọ̀ súwíìṣì náà, mo sì fi páálí sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ fún oṣù kan gbáko. Àmì kan ṣoṣo ni mo rí lórí rẹ̀, omi ẹ̀rọ amúlétutù sì ni.