Bí A Ṣe Ń Wá Àṣìṣe Nínú Kóòdù Python Tó Ń Tún Ìlà Fáìlì Ṣe

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé orúkọ àwọn tó ń dá àjọ àti iye tí kálukú ń dá wà nínú fáìlì ajo.txt, ẹnì kan lórí ìlà kan, bíi “Ṣọlá,2000”. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ kóòdù tí yóò sọ 2000 Ṣọlá di 2500. Kóòdù náà ṣiṣẹ́ dópin, Python kò ráhùn, síbẹ̀ kò sí ohun tó yí padà nínú fáìlì.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà pamọ́. Bí a bá fi open("ajo.txt", "w") ṣí fáìlì, lójú ẹsẹ̀ ni Python máa nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, kí a tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí Python fi ohun tó wà nínú ìlà hàn yín. Ẹ fi print(ascii(ila)) sínú lúùpù, ìyẹn ibi tí kóòdù ti ń ka ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ila, ẹ óò sì rí \n, àmì pé ìlà ti parí, ní ìparí ìlà, èyí tí ojú lásán kì í rí. Ìdí nìyí tí if ila == "Ṣọlá,2000" kò fi lè jẹ́ òótọ́. Ẹ fi ila.rstrip("\n") yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì dá a padà nígbà tí ẹ bá ń kọ ìlà náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo orúkọ yóò lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ tún wò ó bóyá ila.replace("2000", "2500") dá dúró lórí ìlà kóòdù rẹ̀. Replace kì í yí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ padà; ọ̀rọ̀ tuntun ló ń mú wá, bí ẹ kò bá sì kọ ila = síwájú rẹ̀, ó ti ṣòfò. Ní tèmi, n kò fẹ́ kí ẹ lò ó fún owó rárá, nítorí pé bó bá kan gbogbo ìlà, 12000 ẹlòmíràn yóò di 12500. Ẹ fi ila.split(",") ya orúkọ kúrò lára owó.

Èyí tó kan àwa tí a ń kọ Yorùbá gan-an nìyí. Lẹ́tà “ọ” lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà (U+1ECD), ó sì lè jẹ́ “o” pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) tó dá dúró. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ==, tó ń wò ó bóyá nǹkan méjì dọ́gba, mọ̀ ọ́n. Ẹ fi len, tó ń ka iye àmì inú ọ̀rọ̀, wọn orúkọ “Ṣọlá”: ó lè jẹ́ 4 nínú kóòdù yín, kí ó jẹ́ 7 nínú fáìlì. Ẹ fi unicodedata.normalize("NFC", ila), tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀, sọ wọ́n di ọ̀kan náà kí ẹ tó fi wọ́n wéra, kí ẹ sì kọ encoding="utf-8", ọ̀nà tí fáìlì ń gbà tọ́jú lẹ́tà, sínú open, pàápàá lórí Windows.

Ẹ kọ àbájáde sínú ajo_tuntun.txt, ẹ fi í wé ti àtijọ́ ní ìlà dé ìlà, kí ẹ tó fi os.replace("ajo_tuntun.txt", "ajo.txt") gbé e sí ipò rẹ̀.